Àwìn Àlejò

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà nínú èdè wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n tí ìwà wọn kò jọra. Bí mo bá gba ọjà lọ́wọ́ ìyá alátẹ láìsan kọ́bọ̀ lójú ẹsẹ̀, àwìn ni mo rà. Bí mo bá gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan tí mo sì dá ọjọ́ tí n óò san án padà, owó ni mo yá. Bí ọjọ́ tí a dá bá wá pé, tí ó sì kọjá, tí ọwọ́ mi kò ká a, gbèsè ni ó kù sí mi lọ́rùn. Ẹni tí ó ń yánilówó lè béèrè ohun ìdúró, ó sì lè béèrè èlé. Àwìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ni a fi ń tà á. Ìyá alátẹ wo ojú mi, ó rántí ojú ìyá mi, ó mọ ojúlé tí mo ti jáde wá, ó sì wọn ìrẹsì fún mi. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú àwọn mẹ́ta yìí, àwìn ni ó ṣòro jù lọ fún àlejò láti rí gbà.

Láyé òde òní, inú káàdì ni àwìn ń gbé. Káàdì pẹlẹbẹ ni, tí báǹkì fi ń sọ fún ọlọ́jà pé, “Ta ọjà fún ẹni yìí, èmi ni n óò san owó rẹ, èmi àti òun yóò jọ ṣírò nígbà tí oṣù bá parí.” Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ti tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ni ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni náà lè ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún ní Ìbàdàn, kí ó ti yáwó kọ́lé, kí ó sì ti san án tán láìpa ọjọ́ kan jẹ. Bí ó bá dé ọ̀hún tí ó béèrè káàdì àwìn, èsì tí yóò gbà ni pé àwọn kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Wọn kò ní í pè é ní olè, wọn kò sì ní í pè é ní òtòṣì. Wọn yóò kàn sọ pé kò ní ìtàn. Mo ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ báǹkì kan ní Ìlú Ọba, báǹkì tí owó oṣù mi ń gbà wọlé. Ìlà mẹ́rin péré ni ìwé náà. Ohun tí ó dùn mí níbẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n kọ̀, bí kò ṣe pé wọ́n dá mi lóhùn bí ẹni pé ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n bí mi.

Àwọn kan yóò sọ pé ìkórìíra àwọ̀ ni. N kò jiyàn pé kò sí i, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí báǹkì ń béèrè, èyí tí í ṣe “Ta ní mọ̀ ọ́ níhìn-ín?”, kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fi bi àlejò. Àwa náà ti ń bi àlejò bẹ́ẹ̀ kí báǹkì tó dé ilẹ̀ wa. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni irú ẹlẹ́rìí tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà, àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kù sẹ́yìn òkun.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, kò sí àlejò oníṣòwò tí yóò wọ ìlú Yorùbá kan kí ó sì lọ sùn sí abẹ́ igi ọjà. Ilé ẹnì kan ni yóò dé sí. Ẹni tí ó gbà á sílé ni yóò mú un mọ àwọn tí yóò ra ọjà rẹ̀, òun ni yóò bá a tọ́jú ẹrù, òun náà ni yóò sì dúró fún un bí ọ̀rọ̀ owó bá dé. Onílé náà ń jẹ lára èrè, kò yẹ kí a fi ìyẹn pamọ́. Ìgbọ̀wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú òwò, onílé ni ojú tí àlejò fi ń ríran, òun náà sì ni ojú tí ìlú fi ń wo àlejò.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá bàjẹ́ ńkọ́, tí ajigbèsè sì ti sá padà sí ìlú rẹ̀, níbi tí àṣẹ ọba ìlú olówó kò dé? Àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní èmú tàbí àmúyá. Olówó yóò dúró de ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ìlú ajigbèsè wá, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Yóò mú un, tàbí kí ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, yóò sì ránṣẹ́ sí ìlú wọn pé kí wọ́n wá san owó kí wọ́n tó gba ènìyàn wọn. Ìwà ipá ni. Ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú àti ìlú, ó sì sọ àwọn tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ di ẹrú. N kò yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀: ìlú tí ènìyàn ti wá ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀, bí ìlú fẹ́, bí ìlú kọ̀. Ẹni tí ó bá ta àwìn fún ará Ọ̀ṣogbo kò tà á fún ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo Ọ̀ṣogbo ni ó tà á fún. Àlejò tí ó bá sì fẹ́ gbé àwìn sá lọ mọ̀ pé bí òun bá délé, àwọn ará ilé òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ dìde sí òun, nítorí ọ̀nà ọjà ti dí mọ́ wọn.

Láàárín ìlú kan náà, ọ̀nà mìíràn wà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé iṣẹ́ ológò: ẹni tí olówó gbà láti lọ dógò ti ajigbèsè. Yóò wọlé tọ̀ ọ́, yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bú onílé, yóò máa jẹun lórí ìnáwó onílé, títí ojú yóò fi ti gbogbo agbo ilé débi pé wọn yóò dáwó jọ san án. Johnson tún ṣàlàyé ìwọ̀fà, tí àwọn òyìnbó kan fi pe ẹrú nítorí pé wọn kò yé e. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Owó kan ni a yá, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé owó náà, ọjọ́ tí a bá sì san owó pé ni ìwọ̀fà ń lọ sílé rẹ̀. Títí di àwọn ọdún 1930 ni àṣà náà ṣì ń fà tìkọ̀tìkọ̀ lábẹ́ ìjọba àmúnisìn. Gbogbo ètò wọ̀nyí ni ó dúró lórí ìmọ̀ kan náà, tí òwe wa sì ti sọ tán: ẹni tí ó yá egbèje tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèfà. Ẹ kíyè sí ìṣirò òwe náà. Egbèje ju egbèfà lọ. Ẹni tí a ti fọkàn tán dé orí 1,400 rí, bí ó bá dalẹ̀, kì yóò rí 1,200 yá mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè ní Amẹ́ríkà fún bàbá àgbà kan ní abúlé, òwe yìí ni n óò pa fún un, n óò sì dákẹ́.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, àlejò ni ó ń ta àwìn, onílé ni ó ń rà á. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọ inú ọ̀rúndún ogún ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ti ń ru aṣọ lọ sí Èkìtì, sí Àkókó, sí apá òkè ọya pàápàá. Wọn a kó aṣọ fún àgbẹ̀ tí kò ní owó lọ́wọ́, wọn a sì dá ìgbà fún un láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò a dé, a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, a ní òṣó ni òun yóò máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ òṣómàáló ti wá. Àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n èmi rò pé a kò tíì yìn wọ́n tó. Àlejò tí kò ní ọlọ́pàá, tí kò mọ adájọ́ ìlú, tí kò sì lè ṣe àmúyá mọ́ lábẹ́ ìjọba tuntun, kí ni ó kù fún un bí kò ṣe ara rẹ̀ àti ìtìjú ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó? Ohun tí ológò ń ṣe fún olówó ẹ̀ ni òṣómàáló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe. Ó sì ń rí i gbà, nítorí pé ó ń padà wá. Bí òṣómàáló bá ti mọ ojúlé kan, ọdún dé ọdún ni yóò máa bọ̀. Àwọn ọmọ ilé náà a dàgbà sójú rẹ̀. Àtijẹ́ àlejò rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Fẹ́rẹ̀ẹ́, mo ní. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Gánà, níbi tí àwọn Yorùbá mìíràn ti rò pé àtijẹ́ àlejò tiwọn náà ti parí. Láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìníṣà àti Ṣakí ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, láti Accra àti Kumasi títí dé Tamale ní àríwá. Wóróbo ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà, aṣọ àti ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni ti àwọn mìíràn. Wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n kọ́lé níbẹ̀, wọ́n sì ń ta àwìn fún onílé bí ọmọ onílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún tan àwìn ká ọjà? J. S. Eades, tí ó kọ ìwé nípa àwọn Yorùbá ní àríwá Gánà ní 1993, jẹ́ kí a mọ bí òwò wọ̀nyí ti rí àti bí wọ́n ti fọ́. Ọjà tí ó wà lórí àtẹ ṣeé tà ní ọ̀pọ̀. Ilé ṣeé fi lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwìn kò ṣeé dì sínú ẹrù. Ọ̀pọ̀ ajigbèsè kò ní ìwà búburú tẹ́lẹ̀; ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìdí láti san án ti tán. Ẹni tí kò ní í padà wá mọ́ kò lè lóṣòó. Kí a má sì dibọ́n: ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Gánà.

Nítorí náà, ẹlẹ́rìí tí í ṣe ènìyàn ní àléébù tirẹ̀: ibi tí ó bá wà nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀ mọ. Ní New York, ìṣòro yìí kan náà ni ó bí ohun tí ó wá di báǹkì lónìí lójú àlejò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò láti ìgbèríko Amẹ́ríkà a máa wá sí New York láti ra ọjà láwìn, wọn a sì kó o lọ sí ìlú tí ó jìnnà réré. Lẹ́tà láti ọwọ́ àlùfáà tàbí agbẹjọ́rò ìlú wọn ni wọ́n ń mú wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Arthur Tappan àti àbúrò rẹ̀ Lewis wà lára àwọn tí ń ta aṣọ ṣẹ́dà ní ìlú náà. Ní 1837 ọ̀wọ́n owó dé, ilé ìtajà wọn sì dojú dé. Lewis Tappan wá ronú pé bí lẹ́tà bá ṣeé pa irọ́ sínú rẹ̀, ìwé ńlá tí a kó ẹ̀rí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí yóò ṣòro láti tàn. Ní 1841 ó dá ilé-iṣẹ́ Mercantile Agency sílẹ̀. Ó ní àwọn aṣojú káàkiri, agbẹjọ́rò ni ọ̀pọ̀ wọn, Abraham Lincoln tí ó di ààrẹ lẹ́yìn náà sì wà lára wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ ìwé ránṣẹ́ sí New York nípa oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní agbègbè wọn: bí ó ti ní tó, bí ó ti ń san owó, bóyá ó ń mutí, bóyá ó ń lu ìyàwó rẹ̀.

Mo dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí nítorí nǹkan kan tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Lewis Tappan kan náà ni ó ṣáájú ìgbìmọ̀ tí ó gbèjà àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gba ọkọ̀ Amistad mọ́ àwọn tí ó kó wọn lẹ́rú lọ́wọ́ ní 1839, Mẹ́ńdè láti agbègbè Sàró ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ọdún 1841 gan-an sì ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó ja ìjà òmìnira àlejò ni ó dá ìwé tí ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò sílẹ̀, lọ́dún kan náà. N kò sọ pé ó mọ̀. Iwé ńláńlá tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn tí ó jogún rẹ̀ kọ, tí ó lé ní 2,500, wà ní yunifásítì Harvard títí di òní. Àwọn tí ó ti kà wọ́n rí i pé ìkórìíra ti wọ inú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: bí oníṣòwò bá jẹ́ Júù, aṣojú a kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹni pé ìyẹn nìkan tó fún ìkìlọ̀.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rí ti kúrò ní ẹnu, tí ó ti wọ inú ìwé. Kí ìwé tó di káàdì, ó tó 100 ọdún. Ní 1950 ni Diners Club bẹ̀rẹ̀ ní New York. Ní 1958 Bank of America kó káàdì 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní California, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ẹ fojú inú wò ó: ará ilé jí ní òwúrọ̀, ó ṣí àpótí lẹ́tà rẹ̀, ó bá àwìn níbẹ̀ tí ń dúró dè é! Wàhálà tí èyí dá sílẹ̀ pọ̀ débi pé ní 1970 òfin Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ láti fi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè. Barclaycard dé Ìlú Ọba ní 1966. Láàárín àkókò yìí, Bill Fair àti Earl Isaac ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1956 láti fi ìṣirò mọ ẹni tí yóò san gbèsè, ní 1989 ni wọ́n sì gbé máàkì kan jáde tí gbogbo ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ lè lò, láti 300 dé 850. Máàkì yìí kò béèrè ẹ̀yà, kò béèrè ẹ̀sìn, kò bìkítà bóyá o ń mutí. Ìdájọ́ òdodo ni lójú ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé ẹni náà ti ní àwìn kan fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí wọ́n tó lè ṣírò ohunkóhun fún un. Ẹni tí kò jẹ gbèsè rí láyé rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ì bá máa fi yangàn, kò ní máàkì rárá. Ìwé náà kì í sì í ré kọjá ibodè: ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ ní Èkó, ní Èkó ni ó ń gbé.

Ní ti ìkórìíra, mo ti ní a ó dé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Jàmáíkà, Trinidad àti àwa ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í dé Ìlú Ọba lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn 1948, báǹkì kò fẹ́ yá wọn lówó ra ilé, ọ̀pọ̀ onílé kò sì fẹ́ gbà wọ́n ní ayálégbé. Ohun tí wọ́n ṣe ni ohun tí a ti ń ṣe láti ilé. Èsúsú ni, tí Johnson ti ṣàpèjúwe tẹ́lẹ̀: ogún ènìyàn ń dá owó kan náà lóṣooṣù, ẹnì kan ń kó gbogbo rẹ̀ lóṣù kan, títí yóò fi yí ká. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é; ní Bahamas, asue; ọ̀rọ̀ Yorùbá ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó wà nídìí méjèèjì, àwọn baba ńlá wa ni ó gbé e dé ibẹ̀. Àwọn ará Jàmáíkà ń pe tiwọn ní partner. Owó èsúsú àti partner ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi san owó ìdúró ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n rà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ìwé nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kó ti oṣù kìn-ín-ní tí ó sì sá lọ, àwìn mọ́kàndínlógún ni ó gbé sá. Síbẹ̀ wọn kì í sábà sá, nítorí ìjọ, ìlú àti ìdílé wà níbẹ̀ tí ń wò wọ́n. Àmúyá tí kò mú ẹnikẹ́ni ni.

Òfin wá dé. Ní 1968, òfin Ìlú Ọba sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ tàbí ẹ̀yà du ènìyàn ní owó yíyá tàbí àwìn, wọ́n sì tún un ṣe kí ó lágbára sí i ní 1976. Òfin Amẹ́ríkà ti 1974 kọ́kọ́ dá àwọn obìnrin láre, torí pé títí di ìgbà náà báǹkì a máa ní kí obìnrin mú ọkọ rẹ̀ wá kí ó tó rí káàdì gbà. Ní 1976 wọ́n fi ẹ̀yà, àwọ̀ àti orílẹ̀-èdè ìbí kún un. Iṣẹ́ ńlá ni òfin wọ̀nyí ṣe. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó tẹ̀ lé ti Amẹ́ríkà gbà fún ẹni tí ń tani láwìn láti béèrè irú ìwé ìgbélùú tí àlejò ní, kí ó mọ̀ bóyá yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá pé. Bí mo bá rántí Gánà, n kò lè sọ pé ìbéèrè náà kò nídìí.

Ọgbọ́n tí àlejò ń dá lónìí ni mo rí pé ó jọ ti àtijọ́ jù. Ní Amẹ́ríkà, ìbátan tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ lè fi orúkọ àlejò kún orí káàdì tirẹ̀, ìtàn káàdì náà a sì wọ inú àkọsílẹ̀ àlejò. Onílé tí ó gba àlejò sílé nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní ìbátan lè gba káàdì tí a ń fi owó dúró fún: yóò kó $300 tirẹ̀ fún báǹkì, báǹkì yóò sì jẹ́ kí ó ra àwìn $300. Ìdógò ni. Ó yẹ kí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín pé a ń fi owó ara wa yá ara wa lówó, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni wọ́n ń tà fún un níbẹ̀, ẹlẹ́rìí ni. Ní Ìlú Ọba, ọ̀nà kan wà tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sábà mọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ń wo ìwé orúkọ àwọn olùdìbò láti mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ibi tí ó ní òun ń gbé. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ó péye ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ó sì lè forúkọ sílẹ̀. Ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ wà ní òpópónà kan náà kò ní ẹ̀tọ́ yìí. Ìjọba tí ó mú wa sìn fi ohun kan sílẹ̀ sẹ́yìn, ohun náà sì ń jẹ́rìí fún wa lọ́dọ̀ báǹkì láìmọ̀.

Ìyàtọ̀ ti ń wọ ọ̀rọ̀ ibodè náà díẹ̀díẹ̀. Nàìjíríà ṣe òfin àkọsílẹ̀ àwìn tirẹ̀ ní 2017, American Express sì bẹ̀rẹ̀ ní 2019 láti máa gba àkọsílẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Ní San Francisco, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Mission Asset Fund ń ṣètò irú èsúsú bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àlejò, wọ́n sì ń fi sísan oṣooṣù kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Ní 2014 ìpínlẹ̀ California ṣe òfin tí ó fàyè gbà á.

Ní 2018, ọmọ Yorùbá kan tí ó dàgbà ní Èkó, Abbey Wemimo, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Samir Goel tí àwọn òbí rẹ̀ ti Íńdíà wá, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Esusu ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Dídá owó jọ gẹ́gẹ́ bí tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí fóònù. Lẹ́yìn náà wọ́n yà sí iṣẹ́ mìíràn: owó ilé tí ayálégbé ń san lóṣooṣù ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹni tí kò ní ìtàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní. Àwọn ayálégbé tí a ń kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ ara wọn, wọn kò jọ ń jókòó, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í sì í kó owó ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní í mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí ìwé tí wọ́n bù ọwọ́ lù, tàbí bí a ti ń pè é.